Ẹṣin Ọjọ́ìbí: Etíkun Èkó, Obudu, Lesotho tàbí Ìlú Ọba?

Láti ìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ọdún 2024 ti gba gbogbo fóònù kan, ó dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tí ọjọ́ìbí rẹ̀ ń bọ̀ tí kò fẹ́ gun ẹṣin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ kí ó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ò ṣe páàtì, òun ò yan aṣọ ẹbí, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò kaná nítorí òun. “Ẹṣin ni mo fẹ́ gùn. Ìwọ lẹsẹ̀ ẹ kì í gbélé, bá mi wá ibi tí a ó lọ.”

Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ni mo rí i pé ohun tí ẹnì kan ń pè ní gígun ẹṣin kọ́ lẹnì kejì ń pè bẹ́ẹ̀. Fún ẹnì kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni lórí iyanrìn, tí ọmọkùnrin kan di okùn mú níwájú. Fún ẹlòmíràn, ọjọ́ mẹ́ta ni lórí òkè níbi tí iná mànàmáná ò dé. Owó wọn ò jọra, ewu wọn ò jọra, itan tó máa ń roni lọ́jọ́ kejì náà ò jọra. Ibi mẹ́fà ni mo gbé yẹ̀ wò fún un.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́: fọ́tò lẹ ń wá ni, àbí gígùn? Kò sí ìtìjú nínú fọ́tò o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé fọ́tò nìkan ló ń wá, kí ó má lọ ná owó ẹni tó fẹ́ gùn. Ẹni tó sì fẹ́ gùn ní tòótọ́, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń fa ẹṣin kiri bí ewúrẹ́ Iléyá.

Èkejì ni oṣù tí wọ́n bí yín. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Òjò ò mọ̀ pé ọjọ́ìbí ẹnikẹ́ni ni. Ibi tó dùn ún lọ nínú ọyẹ́ lè di ẹrẹ̀ pátápátá ní oṣù kẹjọ, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé oṣù kẹjọ yẹn gan-an ni yìnyín ń bo orí òkè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n ara, ẹ má bínú. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ẹṣin ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tó gùn ún, pẹ̀lú gàárì, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin náà lọ. Ẹṣin tó wọn 450 kìlò lè gbé 90. Ẹṣin kékeré tó wọn 350, 70 kìlò ni tirẹ̀, gàárì sì wà nínú rẹ̀. Ilé ẹṣin tó mọṣẹ́ á béèrè ìwọ̀n yín kí ẹ tó sanwó. Níbi tí wọn ò bá ti béèrè, ẹ fura.

Ẹ̀kẹrin ni ẹṣin fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ wo egungun ìhà rẹ̀: bí ẹ bá lè kà á láti òkèèrè, ebi ń pa á. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí gàárì ń jókòó lé. Egbò ò ní pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún wo irun funfun kéékèèké tó hù lójú kan ṣoṣo lára ẹṣin aláwọ̀ dúdú tàbí pupa. Gàárì ti bó o níbẹ̀ rí ni. Ẹ wo igun ẹnu níbi tí ìjánu ń gbà. Ẹ wo pátákò bóyá ó ti là. Kí wọ́n mú un rìn kí ẹ rí i pé kò tiro. Ẹṣin tí ara rẹ̀ dá máa ń yí etí kiri, ó máa ń fẹ́ mọ ẹni tó dé. Èyí tó dorí kodò tí etí rẹ̀ ò mì rárá, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ó ti sú u.

Lẹ́yìn ẹṣin, okùn abẹ́ ikùn tó di gàárì mú. Ẹ̀kọ́ okùn yìí, ìdí ni mo fi kọ́ ọ. Ní etíkun kan tí n kò ní dárúkọ, gàárì yí mọ́ mi nídìí, iyanrìn ni mo bá ara mi kí n tó mọ̀ pé mò ń ṣubú. Wọ́n ṣáà ní ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Mi ò kàn mọ̀ pé ìṣẹ́jú kẹta ni tèmi. Ìgbà tó yá ni àgbàlagbà kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: bí wọ́n bá ń di okùn náà, ẹṣin lè fẹ́ ikùn. Tó bá ti rìn díẹ̀ tó mí síta, okùn á dẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún un fà kí ẹ tó gòkè. Ẹni tí kò bá tún un fà, ẹ ní kó fà á, kí ojú má tì yín.

Akoto ńkọ́? Èyí ò ní àríyànjiyàn nínú. Ibi tí wọn ò bá ti ní akoto tó bá orí yín mu, ẹ má gùn jù kí wọ́n fà yín lọ, kí wọ́n fà yín bọ̀. Gèlè àti akoto ò sì lè jọ gbé orí kan. Ẹ ya fọ́tò gèlè nílẹ̀, kí ẹ tú u, kí ẹ tó gun ẹṣin.

Ti owó, mi ò ní kọ iye, nítorí iye tí a bá kọ lónìí, àwọn ọmọ etíkun á fi rẹ́rìn-ín lọ́la. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni n ó fi díwọ̀n rẹ̀: owó ìpápánu, owó aṣọ ẹbí, owó gbọ̀ngàn ayẹyẹ.

Etíkun Èkó

Elegushi, Oniru àti àwọn etíkun tó wà lọ́nà Lẹ́kí ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ fara kan ẹṣin. Owó ìpápánu ni. Kò sí pé ẹ ń kọ̀wé ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ débẹ̀, ẹṣin á wá bá yín fúnra rẹ̀.

Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹṣin náà ti wá, Hausa sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń dà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Eṣinṣin tó ń gbé àìsàn oorun kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó kìjikìji, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́-Ilé fi jẹ́ alágbára nínú ọ̀dàn, tí agbára wọn sì dín kù bí wọ́n bá ti wọ inú igbó. Ẹṣin tẹ́ ẹ rí ní Lẹ́kí yẹn, àlejò ni níbẹ̀, àlejò tó ń jẹun nínú ohun tí ẹ san.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ là sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀: iye owó, iye ìṣẹ́jú, àti pé ṣé owó ẹni tó máa ya fọ́tò wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán ni kí ẹ sanwó. Aago méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù. Ẹṣin tí ẹ bá gùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ti gbé ìdajì Èkó kí ó tó kàn yín, kò sì jẹ yín ní gbèsè sùúrù kankan.

Ibi tó kù sí ni pé kò sí ohun tó dáni lójú níbẹ̀. Akoto ṣọ̀wọ́n. Ẹṣin tó wà lọ́sẹ̀ yìí lè má sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, etíkun fúnra rẹ̀ náà lè yí padà. Ẹ rántí pé ní 2024 ni wọ́n wó apá kan etíkun Landmark nítorí títì Èkó sí Calabar. Ẹ pe ẹni tó dé ibẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó kó àlejò jọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ìgẹṣin àti àyíká ẹgbẹ́ pólò

Àwọn èèyàn máa ń fo èyí, torí pé kò jọ ìsinmi. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn.

Pólò ni eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin. Ẹgbẹ́ pólò Èkó ní Ìkòyí ti wà láti 1904. Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ẹ kàn máa wọ̀ kí ẹ ní kí wọ́n fún yín lẹ́ṣin. Ti ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí pólò bá wà, àwọn olùkọ́ máa ń wà láyìíká tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́, wákàtí kan kan ni wọ́n sì ń gbowó lé. Ẹ bi ọmọ ẹgbẹ́ kan léèrè, á júwe ẹni tó mọṣẹ́ fún yín. Owó rẹ̀ wà láàárín: ìgbà mẹ́fà á gba owó aṣọ ẹbí kan, pẹ̀lú owó ìránṣọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Eré àsápajúdé ni wọ́n kọ́ ẹṣin pólò. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, bí ẹ bá kàn fọwọ́ kan ìjánu lásán, ó ti yí. Kì í ṣe ẹṣin ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu pólò ni kí ẹ béèrè. Irú wọn ti rí gbogbo nǹkan láyé, òkìtì tí ẹ bá ta lórí wọn ò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, inú ọgbà ni wọ́n á fi yín sí, olùkọ́ á di okùn gígùn mú láàárín, ẹṣin á máa yí i po. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà, ojú lásán ló fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́. Ó gorí ẹṣin, ó wo ọrùn rẹ̀ le, ó ní “Ó yá!” Ẹṣin ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú ogún kọjá kí ó tó mọ̀ pé ẹṣin ò gbọ́ ẹnu. Ìdí àti ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lé e ló ń gbọ́. Nígbà tí yóò fi lọ ní ìgbà kẹrin, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹṣin dúró, bí wọ́n ṣe ń yí i, àti bí a ṣe ń fi gìgísẹ̀ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà há sínú irin gàárì. Ní ìgbà karùn-ún, ẹṣin dá a. Ó gbọn koríko kúrò lára, ó ní bí ẹṣin bá dá ni, à ń tún un gùn ni, ó sì tún un gùn.

Ibi yòówù tí ẹ bá yàn nínú àwọn tó kù, bí gígùn lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ gba ibí kọjá.

Òkè Obudu

Ní Cross River, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Cameroon, ni òkè yìí wà. Ó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, àwọn òyìnbó ará Scotland ló sì sọ ọ́ di ibi ìdaran màlúù ní 1951. Ó tutù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní oṣù kejìlá, ẹ ó nílò súwẹ́tà lálẹ́, ẹ ó sì bá ọyẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tó gun orí òkè náà jẹ́ kìlómítà 11, kọ́nà rẹ̀ tó 22. Ọkọ̀ orí wáyà kan tún wà tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin, ní ọjọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹṣin wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba àlejò lálejò níbẹ̀. Bí ẹṣin ṣe ń rìn lórí koríko òkè, tí ìkùukùu wà nísàlẹ̀ yín, kò ṣeé fi wé iyanrìn Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ẹṣin wà lọ́sẹ̀ yẹn, ṣé ọkọ̀ orí wáyà ń ṣiṣẹ́, ṣé iná wà. Ẹ má gba “gbogbo nǹkan wà” lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìrìn àjò ló ń jẹ owó rẹ̀. Láti Calabar, ó lé ní 300 kìlómítà lórí títì, ọjọ́ kan gbáko sì ni ẹ ó fi débẹ̀. Ẹ gba ìròyìn ọ̀nà lẹ́nu awakọ̀ tó ń ná an, ẹ má sì rìn lálẹ́. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni mẹ́fà tó pín ọkọ̀ àti yàrá, owó aṣọ ẹbí pẹ̀lú owó ẹran ni. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, òjò àti kùrukùru lè mú kí ẹ jókòó sí yàrá lọ́jọ́ méjì nínú mẹ́ta. Ọjọ́ìbí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí oṣù kẹrin, òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Lesotho

Ibí ni a lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gùn díẹ̀ lórí rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni Lesotho, South Africa ló yí i ká pátápátá. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400 mítà. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ òkè tiwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí Obudu dọ́gba. Láti ayé Moshoeshoe, ọba wọn tó kú ní 1870, ni àwọn Basotho ti mọ ẹṣin. Ẹṣin wọn ò ga, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yẹ̀ lórí òkúta.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ ni pé kì í ṣe nítorí àlejò ni wọ́n fi ní ẹṣin. Ẹṣin ni ọ̀kadà wọn. Òun ni wọ́n ń gùn lọ ra ìyẹ̀fun àgbàdo, òun ló ń gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn ní ibi tí mọ́tò ò lè dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀kadà òun gbé òun lọ́la kò ní fi ebi pa á lónìí. Ní abúlé Malealea, àwọn ará abúlé ló ni ẹṣin tí ilé àlejò ń lò, owó tí ẹ bá san sì ń dé ọwọ́ wọn.

Ibi méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ. Malealea ni tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ẹ lè gùn fún wákàtí kan, ẹ lè gùn dé ìṣàn omi Botsoela kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ sì lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ máa sùn nínú ahéré ará abúlé. Semonkong ni èkejì. Òkè ibẹ̀ ga jù, ìṣàn omi Maletsunyane tó já wálẹ̀ ní 192 mítà sì wà níbẹ̀. Ó dà bí èéfín láti òkèèrè, ohun tí orúkọ Semonkong sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: ibi èéfín. (Ní Semonkong kan náà, wọ́n máa ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé àlejò láti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò gbọ́ irú èyí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun.)

Malealea la yàn, ọjọ́ méjì, alẹ́ kan lábúlé. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Ó ń dùn mọ́ni títí ẹ ó fi kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tó dà bí àkàbà ilé alájà. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ kọ́ṣẹ́ tàbí ẹ ò kọ́ṣẹ́. Ẹ fẹ̀yìn sẹ́yìn, ẹ dẹ okùn ìjánu, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹṣin wá ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ó mọ ọ̀nà jù yín lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé ìyẹn, ó ń fa ìjánu, títí ẹni tó ń mú wa lọ fi sọ pé, “'M'e, ẹ jẹ́ kó ríran.” Bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀ nìyẹn, bí àwa ṣe ń pe “Ìyá”. Ó gbọ́.

Wàhálà rẹ̀ ni ìwé àti ọ̀nà. Johannesburg lẹ ó kọ́kọ́ bọ́ sí, lẹ́yìn náà nǹkan bí 400 kìlómítà lórí títì dé Maseru, olú ìlú Lesotho. Ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání nílò físà South Africa, kí ó sì rí i pé èyí tó fàyè gba wíwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni, nítorí ẹ ó tún gba ibẹ̀ padà. Ẹ má gbàgbé físà Lesotho náà. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni a ti bẹ̀rẹ̀. Owó ẹṣin àti ibùsùn ò wọ́n rárá. Bàálù ló gbowó lọ́wọ́ wa: owó gbọ̀ngàn, pẹ̀lú owó alága ìjókòó.

Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún dára púpọ̀; ojú ọ̀run mọ́, òru tutù. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ jẹ́ ìgbà òtútù, yìnyín lè bo òkè. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ẹ gùn láàárọ̀, nítorí ààrá ọ̀sán wọn kì í ṣeré. Ẹṣin wọn kéré, nítorí náà ẹ sọ òtítọ́ nípa ìwọ̀n yín nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn. Ní abúlé, kò sí ilé ìwòsàn nítòsí, kí ẹ má lọ láìra adójútòfò tó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gba gígun ẹṣin mọ́ra. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á mọ́ra àyàfi kí ẹ béèrè.

Ìlú Ọba

Bí ọmọ yín bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ sì ń lọ kí i lọ́nàkọnà, èyí ni ìrọ̀rùn. Ní England, ilé tó bá ń fi ẹṣin yáni gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì máa ń wá yẹ̀ wọ́n wò. Akoto wà. Wọ́n á wọ̀n yín. Bí ìwọ̀n yín bá kọjá tiwọn, wọ́n á fi ẹ̀rín dá yín padà, ẹ̀bẹ̀ ò sì ní yí i.

Nínú Hyde Park, ọ̀nà ẹlẹ́ṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Rotten Row, ayé ọba William Kẹta ni wọ́n ti là á, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ẹ lè gùn níbẹ̀ láàárín ìgboro. Ó wọ́n, wákàtí kan sì ni. Mo fẹ́ràn New Forest jù, ní gúúsù. William Aṣẹ́gun ló sọ ọ́ di igbó ọdẹ ọba ní 1079. Àwọn ẹṣin kéékèèké ń rìn kiri níbẹ̀ láìsí ẹni tó dè wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní olówó: ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ má sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ilé ìgẹṣin tó wà láyìíká ló ń gba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn rí. Oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án ni kí ẹ lọ. Ní oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lè lù kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ mú aṣọ òjò, oṣù yòówù kó jẹ́.

Ó dáni lójú ju gbogbo ibi tó kù lọ. Kò ru ọkàn sókè tó Lesotho. Ẹṣin tẹ̀ lé ẹṣin, ìdí tẹ̀ lé ìdí, bí ìlà ilé epo.

Gísà ní Íjíbítì

Fọ́tò yín lórí ẹṣin, píràmídì lẹ́yìn yín: mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń fẹ́ ẹ. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, iyàn rẹ̀ ló pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyà ẹṣin ní Káírò, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gísà, ti pẹ́ débi pé ní 1934 ni Dorothy Brooke, obìnrin òyìnbó kan, dá ilé ìwòsàn ẹṣin sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn ẹṣin ogun tí wọ́n tà sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Iṣẹ́ náà ò tíì parí di òní. Bí ẹ bá lọ, oṣù kejìlá sí oṣù kejì, láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì fojú yín wo ẹ̀yìn ẹṣin kí ẹ tó gùn ún. Èmi fẹsẹ̀ rìn.

Ohun tó jẹ́ ti ọjọ́ìbí gan-an

Ẹ má gbé bàlúùnù sún mọ́ ẹṣin. Ẹ má yìnbọn ọ̀ṣọ́, ẹ má da bébà wẹ́wẹ́ sáfẹ́fẹ́, kí dúróònù má sì fò lókè rẹ̀. Àwọn ẹṣin Ojúde Ọba tó ń jó sí ìlù àti ìbọn, wọ́n ti mọ́ ọn lára ni. Ẹṣin tí ẹ yá ò bá yín dé Ìjẹ̀bú.

Kéèkì àti ọtí, ó di ìgbà tí gbogbo ẹsẹ̀ bá ti wà nílẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tí kò fún, àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi iwájú ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ẹṣin, ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀; ẹ̀yìn gan-an ni kì í ti í ríran, ibẹ̀ ló sì ti ń ta ìpá. Bí àlejò bá ju ẹni mẹ́jọ lọ, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa gùn, ẹ wá ohun tí àwọn tó kù á máa ṣe. Ẹ má sì fi ẹṣin ṣe ẹ̀bùn òjijì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀rù ẹṣin ń bà kì í sọ ọ́ lójú èrò.

Ta ni kó lọ síbo?

Àwọn ọmọdé, àwọn tó fẹ́ fọ́tò, àti ẹni tí owó rẹ̀ ò ju ti ìpápánu lọ: etíkun Èkó, láàárọ̀, pẹ̀lú ẹni tó di okùn mú. Ẹni tó ṣì lè dúró oṣù méjì tó sì ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ó fi owó aṣọ ẹbí kọ́ ìgẹṣin. Bí kò bá tilẹ̀ lọ síbì kankan mọ́, ó ti ní nǹkan lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ jọ sá fún Èkó láìgba físà, tí ọjọ́ìbí sì bọ́ sínú ọyẹ́, Obudu ni, bí wọ́n bá lè fara da kí nǹkan kan má ṣiṣẹ́. Bàbá àti ìyá tó ń lọ kí ọmọ, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lè balẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ àti dókítà nítòsí, kí wọ́n lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tó ti kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ le, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ẹṣin kékeré mu, tó sì fẹ́ kí ọjọ́ náà yàtọ̀ sí gbogbo ọjọ́ tó kù láyé rẹ̀, Lesotho, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Aláboyún, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún: ọjọ́ kẹta Iléyá, Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ẹ tètè dé, àga abẹ́ ìbòòji kì í pẹ́ tán.